Ìjábọ̀ àyíká ilé iṣẹ́: ibo gan-an ni ẹjọ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀?

Akọ̀jábọ̀_Tuntun:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi. Oṣù méjì sẹ́yìn ni wọ́n gbé kíkọ ìjábọ̀ àyíká ilé iṣẹ́ wa lé mi lọ́wọ́. Ẹni tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ti lọ, fáìlì Excel kan péré ló fi sílẹ̀. Nígbà tí mo ṣí i, mo rí i pé iye omi ìdọ̀tí tí a tú jáde ní oṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún kò fi ohunkóhun yàtọ̀ síra, títí dé nọ́ńbà tó kẹ́yìn pátápátá. Mo lọ bá àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ. Wọ́n ní mítà ló bàjẹ́ lóṣù karùn-ún, ẹni tó ń kọ ọ́ kàn da ti oṣù tó ṣáájú kọ síbẹ̀ ni.

Gbólóhùn kan tún wà nínú ìjábọ̀ tó kọjá: "Gbogbo omi tó ń jáde láti ilé iṣẹ́ wa ló bá òfin mu ní gbogbo ìgbà." Ọ̀gá mi ní kí n dà á kọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún yìí náà. Mi ò tíì dà á kọ, àyà mi ń já. Kì í ṣe fọ́ọ̀mù ìjọba o, ìwé tí a ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé ni. Ṣé irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè kó ilé iṣẹ́ sí wàhálà òfin? Bó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe?

Ìwé_Òfin:

Àbúrò, o ṣeun tó o dúró kó o tó da nǹkan kọ. Ó lè kó yín sí wàhálà. Kódà ìwé tí òfin ò fi dandan lé ló máa ń kóni sí i jù, torí pé ọkàn ẹni máa ń balẹ̀ jù nígbà tá a bá ń kọ ọ́. Agbẹjọ́rò ni mí, iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe, nítorí náà jẹ́ kí n fi ẹjọ́ kan ṣàlàyé.

Àwọn ará Zambia 1,826 pe ilé iṣẹ́ Vedanta lẹ́jọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní omi olóró láti ibi ìwakùsà bàbà Nchanga ti ba omi tí wọ́n ń mu àti èyí tí wọ́n fi ń dáko jẹ́. Ilé iṣẹ́ míì tó wà lábẹ́ Vedanta ló ń wa kùsà náà, Vedanta sì ń sọ pé ẹjọ́ náà kò kan òun. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí ẹjọ́ náà máa lọ. Lára ohun tí àwọn adájọ́ gbé yẹ̀ wò ni ìjábọ̀ tí Vedanta fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ jáde, níbi tó ti sọ pé òun ń bójú tó bí àwọn ilé iṣẹ́ abẹ́ òun ṣe ń tọ́jú àyíká. Ẹyin lohùn. Nígbà tí ìdájọ́ Okpabi, ìyẹn ẹjọ́ tí àwọn ará Niger Delta pe ilé iṣẹ́ epo Shell, dé ní ọdún 2021, ọ̀nà yẹn náà ni ilé ẹjọ́ tọ̀.

Ìwé kan ṣoṣo yìí ni àjọ ìjọba máa kà. Òun náà ni olùdókòwò máa kà, àti oníbàárà, àti àwọn tí omi yín ń ṣàn kọjá lẹ́yìnkùlé wọn. Ohun tí oníkálukú lè torí ẹ̀ pè yín lẹ́jọ́ yàtọ̀, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan náà ni gbogbo wọn máa fi ìka tọ́. "Ní gbogbo ìgbà" yẹn ló ń já èmi náà láyà. Kò sí ẹ̀rọ tó ń ṣe dáadáa ní gbogbo ìgbà. Ẹsẹ̀ kan péré tó bá yẹ̀, gbólóhùn yín ti di irọ́, ìdí tẹ́ ẹ sì fi kọ ọ́ ni wọ́n máa wá bi yín.

Mítà_Kẹta:

Mo kí gbogbo ilé. Ọdún 17 ni mo fi wà nídìí ẹ̀rọ tó ń fọ omi ìdọ̀tí mọ́ kó tó bọ́ sódò, ọ̀rọ̀ yìí sì dùn mí wọra. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí nọ́ńbà tí Akọ̀jábọ̀ rí yẹn ṣe ń bí ara rẹ̀.

Aago méjì òru ni. Òjò ń rọ̀, ojú mítà ti ṣú, ìwé tó wà lórí pákó ti rin gbingbin. Ojú àpótí 24 ló wà lórí ìwé náà fún ọjọ́ kan, wákàtí kan, àpótí kan, ọmọ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ kọ nǹkan sí gbogbo èyí tó jẹ́ tirẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò sí àpótí tí wọ́n kọ "mítà kò ṣiṣẹ́" sí. Bó bá fi í sílẹ̀ lófo, ọ̀gá àárọ̀ á jágbe mọ́ ọn. Kí ló máa ṣe? Ó máa kọ nọ́ńbà tó jọ ti àná. Mi ò lè pe ọmọ yẹn ní òpùrọ́, nítorí ìwé tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ kò fi àyè sílẹ̀ fún òótọ́.

Nítorí náà, àbúrò, ìwé yẹn ni kó o kọ́kọ́ tún ṣe kó o tó fọwọ́ kan ìjábọ̀. Fi àyè sí i tí wọ́n á ti máa kọ pé mítà dákẹ́, aago báyìí ló dákẹ́, lágbájá ni mo sọ fún. Bí mítà ò bá sí, ẹ ṣì lè ṣírò omi náà láti inú wákàtí tí pọ́ǹpù fi ṣiṣẹ́ àti agbára rẹ̀, àmọ́ ẹ kọ gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ìṣirò ni, kì í ṣe ìwọ̀n, kẹ́ ẹ sì tọ́jú bẹ́ ẹ ṣe ṣírò rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mi ò lè gbàgbé. Ilé iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Ajé la máa ń bu omi tí a ń gbé lọ sí láàbù. Ọjọ́bọ̀ la máa ń fọ táńkì, lọ́jọ́ yẹn ni omi máa ń dúdú, tí ìfófòó máa ń bo ojú rẹ̀, tí àwọn tó ń pẹja nísàlẹ̀ odò máa ń kó àwọ̀n wọn jáde. Èsì láàbù wa mọ́ lóṣooṣù. Nọ́ńbà tó wà nínú ìjábọ̀ wa kò purọ́, síbẹ̀ ẹni tó bá kà á ti gba irọ́ gbọ́. Bi wọ́n léèrè ọjọ́ àti aago tí wọ́n ń bu omi, má fi èsì nìkan ṣe.

Ọ̀rọ̀_Ọjà:

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀ka ìpolówó ni mo wà, mo sì fẹ́ sọ ohun tó ń dùn wá níbí. Bí lọ́yà bá ti wọlé, gbogbo ọ̀rọ̀ ló máa ń gé. Ọdún mẹ́ta ni ilé iṣẹ́ wa fi náwó sórí ẹ̀rọ tí kì í jẹ iná púpọ̀, mo kọ ọ́, wọ́n pa á rẹ́, wọ́n ní ewu wà níbẹ̀. Bí a bá ń dákẹ́ báyìí, ilé iṣẹ́ tó ṣiṣẹ́ àti èyí tí kò ṣe nǹkan kan á di ọgba lójú oníbàárà. Kí wá ni a lè sọ?

Ìwé_Òfin:

Ìbéèrè gidi lèyí, ọ̀rẹ́ mi. Ẹni tó bá ṣe nǹkan ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́. Sọ ohun tẹ́ ẹ ṣe, ibi tẹ́ ẹ ti ṣe é, bó ṣe pọ̀ tó, àti ohun tẹ́ ẹ fi ń wọ̀n ọ́n. Ọ̀rọ̀ ńlá tí kò ní ìdí ni ilé ẹjọ́ ń mú. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, ilé ẹjọ́ ní Amsterdam yẹ gbólóhùn ìpolówó 19 ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú KLM wò, ó sì sọ pé 15 nínú wọn ń ṣini lọ́nà. Wọ́n ní àǹfààní fún àyíká tí ìpolówó náà ń sọ kò ṣe kedere, àti pé gbígbin igi àti epo tuntun tó ń lò kò lágbára tó bó ṣe ń fi hàn. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU), òfin tí wọ́n pè ní 2024/825 máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 2026. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ ò gbọ́dọ̀ kàn sọ pé ọjà yín "dára fún àyíká" láìsí ẹ̀rí tó gbámúṣé, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ sọ pé ọjà kan kò pa àyíká lára torí pé ẹ sanwó kí wọ́n gbin igi síbòmíràn.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ kí ìwọ gan-an fọkàn sí ni ti Keurig, tó ń ṣe ike kékeré tí wọ́n fi ń po kọfí. Nínú ìjábọ̀ ọdọọdún rẹ̀ ti 2019 àti 2020, ó ní àyẹ̀wò tí òun ṣe pẹ̀lú àwọn tó ń tún ike lò fi hàn pé ike òun ṣeé tún lò. Àyẹ̀wò yẹn wáyé lóòótọ́. Ohun tí kò sọ ni pé méjì lára àwọn ilé iṣẹ́ atúnkelò tó tóbi jù ti sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ike náà ń kọ àwọn lóminú, pé àwọn ò ní in lọ́kàn láti máa gbà á. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, SEC, àjọ tó ń ṣọ́ ọjà ìdókòwò l'Amẹ́ríkà, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 1.5 dọ́là lé e. Òótọ́ ló sọ, ó kàn sọ ọ́ dé ìdajì ni. Bí wọ́n bá ní kó o gé ọ̀rọ̀ kúrò, bi lọ́yà yín pé: kí ni mo lè fi kún un kó lè dúró? Ọ̀pọ̀ ìgbà, gbólóhùn kan péré ló kù.

Àgbà_Ọ́dítọ̀:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àròjinlẹ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kì í jẹ́ kí n dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a máa ń ṣe. Ẹ tẹ ìjábọ̀ náà sórí ìwé kó tó jáde. Ẹ mú bírò, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà sí ìdí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tàbí tó ṣèlérí. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí fáìlì tó ní nọ́ńbà kan náà, kẹ́ ẹ sì kó ẹ̀rí rẹ̀ síbẹ̀: èsì láàbù, rísíìtì, àwòrán ojú mítà, orúkọ ẹni tó ṣe ìṣirò àti ọjọ́ tó ṣe é. Gbólóhùn tí fáìlì rẹ̀ bá ṣófo kò gbọ́dọ̀ jáde, bó ti wù kó dùn tó. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é fún oníbàárà kan, ọ̀gá wọn bínú sí mi. Nígbà tó rí i pé fáìlì 31 ṣófo nínú ìjábọ̀ olójú ewé 60, ó jókòó.

Ẹ má sì rò pé ìwé ẹ̀rí tí ẹlòmíràn fún yín tó láti sá sí lẹ́yìn. Ẹ rántí ìdídò ilé iṣẹ́ ìwakùsà Vale, ògiri tó sé ìdọ̀tí ìwakùsà mọ́, tó ya ní Brumadinho ní Brazil ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 2019. Èèyàn 270 ló kú. Ìwé ẹ̀rí wà pé ìdídò náà dúró dáadáa, ìjábọ̀ ilé iṣẹ́ náà sì sọ fún olùdókòwò pé kò séwu. Ohun tí SEC fi pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 2022 ni pé irọ́ wà nínú ọ̀nà tí wọ́n gbà rí ìwé ẹ̀rí yẹn gbà. Ní 2023, wọ́n gbà láti san mílíọ̀nù 55.9 dọ́là kí ẹjọ́ náà lè parí. Àwọn tó kú kò jí.

Ti ìlérí ọjọ́ iwájú nkọ́? Ẹni tó bá ní òun máa dín èéfín kù ní ìdajì kí ọdún báyìí tó pé gbọ́dọ̀ lè fi ètò, owó àti ẹni tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ hàn. L'Amẹ́ríkà, òfin kan wà láti ọdún 1995 tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ iwájú, bẹ́ ẹ bá sọ ní pàtó ohun tó lè mú kó má ṣẹ. Ìkìlọ̀ gbogbogbòò tí wọ́n ń dà kọ lọ́dọọdún kò tó. Bẹ́ ẹ bá sì ṣírò Scope 3, ìyẹn èéfín àwọn tó ń tà fún yín àti àwọn tó ń ra ọjà yín, ẹ sọ pé ìfojúbù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Etí_Odò:

Àjọ tó ń ṣọ́ àyíká ni mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, apá kejì tábìlì. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé ìdákẹ́ ń ba ilé iṣẹ́ jẹ́ ju ẹ̀rọ tó bàjẹ́ lọ. Toyota san mílíọ̀nù 180 dọ́là ní oṣù kìíní ọdún 2021. Kì í ṣe pé mọ́tò wọn ń tú èéfín ju ti ẹlòmíràn lọ ni ẹjọ́ náà dá lé. Ìròyìn nípa àléébù ẹ̀rọ èéfín tó yẹ kí wọ́n máa fi ránṣẹ́ síjọba, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi ń fi í falẹ̀. Ti ilé iṣẹ́ epo BP náà wà níbẹ̀: lẹ́yìn ìbúgbàù Deepwater Horizon, ẹ̀rọ ìwapo orí òkun, ní 2010, wọ́n sọ fún olùdókòwò pé àgbá epo 5,000 ló ń dà sókun lójúmọ́, nígbà tí ìṣirò tó wà lọ́wọ́ wọn nínú ilé ti ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Mílíọ̀nù 525 dọ́là ni SEC gbà lọ́wọ́ wọn lórí ọ̀rọ̀ yẹn nìkan.

Ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, ojú ọ̀tọ̀ la fi ń wò ó. EPA, àjọ àyíká ìjọba Amẹ́ríkà, ní ìlànà kan: bí ilé iṣẹ́ bá fúnra rẹ̀ rí àṣìṣe, tó sọ ọ́ láàárín ọjọ́ 21, tó sì tún un ṣe, ó lè bọ́ nínú gbogbo apá owó ìtanràn tí wọ́n fi ń fìyà jẹni, bó bá pé gbogbo ohun tí ìlànà náà béèrè.

Ìwé_Òfin:

Etí_Odò, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ kí àbúrò wa má bàa gbé e gba ibi tí kò yẹ: ohun tí àyẹ̀wò tí ìwé àṣẹ (èyí tí ìjọba fi gbà yín láyè láti máa tú omi jáde) fi dandan lé bá tú jáde kò sí lábẹ́ àǹfààní yẹn. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ wá a rí láìjẹ́ pé wọ́n fipá mú yín. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Ka ìwé àṣẹ yín fúnra rẹ̀. Iye ọjọ́ tẹ́ ẹ ní láti sọ fún wọn wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í pọ̀.

Akọ̀jábọ̀_Tuntun:

Ẹ̀yin àgbà, mo ti padà dé. Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti sọ̀rọ̀ ni mo ti ń wá ìwé. Mo rí rísíìtì ẹni tó tún mítà ṣe. Mo gba èsì láàbù ti ọdún tó kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ 52 ló yẹ kí á ṣe àyẹ̀wò, 50 la ṣe. Méjì nínú àádọ́ta yẹn kọjá ohun tí ìwé àṣẹ gbà wá láyè. Wọ́n wà nínú fáìlì láàbù láti ọjọ́ yìí, kò sẹ́ni tó wò wọ́n. Ọwọ́ mi gbọ̀n nígbà tí mo rí i. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kí n fi íméèlì ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀ka. Ẹlòmíràn ní kí n pa fáìlì náà rẹ́, kí n máa bá tèmi lọ.

Ìwé_Òfin:

Má pa ohunkóhun rẹ́. Mo tún un sọ, má pa ohunkóhun rẹ́, títí kan fáìlì Excel tó ní nọ́ńbà àdàkọ yẹn. Àyẹ̀wò méjì tó kọjá ààlà, ọ̀rọ̀ owó ìtanràn àti àtúnṣe ni. Ẹni tó bá pa ẹ̀rí rẹ́ ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n.

Má fi íméèlì ránṣẹ́ káàkiri náà. Ohun tó o rí ni kó o kọ, má kọ ohun tó o rò pé lágbájá ṣe. "Èsì ọjọ́ báyìí ju ààlà lọ" tó. "A ti ń rú òfin láti ọdún pípẹ́" kò tíì ní ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ. Kọ ojú ìwé kan péré sí ọ̀gá rẹ àti lọ́yà ilé iṣẹ́ pọ̀, kó o sì béèrè ìmọ̀ràn òfin nínú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ọ̀rọ̀ tó bá wà láàárín ẹni àti lọ́yà rẹ̀ láti gba ìmọ̀ràn ní ààbò. Èsì láàbù fúnra rẹ̀ kò ní in, torí náà má ṣe rò pé ẹ lè fi í pa mọ́ síbẹ̀. Lọ́yà ló máa sọ bẹ́ ẹ ṣe máa sọ fún àjọ ìjọba àti bẹ́ ẹ ṣe máa tún ìjábọ̀ tó ti jáde ṣe, nítorí ìyẹn náà kò ṣeé fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àgbà_Ọ́dítọ̀:

Ọmọ mi, bí ọ̀gá bá ní kó o fọwọ́ sí ohun tó o mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ìgbìmọ̀ olùdarí ní ìgbìmọ̀ kékeré tó ń rí sí àyẹ̀wò ìwé ilé iṣẹ́. Ibẹ̀ ni kó o lọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, ọlọ́pàá ya wọ ọ́fíìsì DWS ní Frankfurt, ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn olùdókòwò tọ́jú owó. Ẹni tó jẹ́ olórí ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká níbẹ̀ ló ti sọ pé ohun tí wọ́n ń sọ fún aráyé ju ohun tí wọ́n ń ṣe lọ. Wọn ò gbọ́ tirẹ̀ nínú ilé, ìta ló ti di ariwo. Ní 2023, SEC gba mílíọ̀nù 19 dọ́là lọ́wọ́ wọn lórí rẹ̀.

Akọ̀jábọ̀_Tuntun:

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo ní kí n wá jábọ̀ fún yín. Ọ̀gá mi kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Kí ló dé tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi?" Lọ́yà wa kọ̀wé sí àjọ ìjọba lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti wá wo ẹ̀rọ náà, a ṣì ń dúró de èsì wọn. Àkíyèsí àtúnṣe ti wà lórí ìjábọ̀ tó kọjá. Ìwé tuntun ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù, ó sì ní àyè fún "mítà kò ṣiṣẹ́". Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ òru ti kọ ọ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì.

Gbólóhùn tí mo fi rọ́pò ti tẹ́lẹ̀ nìyí, ẹ bá mi wò ó: "Nínú àyẹ̀wò omi 52 tó yẹ kí a ṣe lọ́dún tó kọjá, a ṣe 50. Omi inú 48 kò kọjá ààlà ìwé àṣẹ wa, ti méjì kọjá. A ti sọ fún àjọ ìjọba. Iye omi tí a kọ fún oṣù karùn-ún jẹ́ ìṣirò láti inú wákàtí pọ́ǹpù, nítorí pé mítà kò ṣiṣẹ́."

Ọ̀rọ̀_Ọjà:

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi tí mo máa ń wá ọ̀rọ̀ dídùn, mo gba èyí gbọ́ ju gbogbo ìjábọ̀ tí mo ti kọ lọ.

Mítà_Kẹta:

Ó dára, àbúrò. Fi ọjọ́ tí mítà dákẹ́ àti ọjọ́ tó padà sẹ́nu iṣẹ́ sí i, kí ẹni tó bá kà á lè mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo oṣù. Kó o sì sọ ọjọ́ àti aago tẹ́ ẹ máa ń bu omi.

Akọ̀jábọ̀_Tuntun:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo ti fi kún un: ọjọ́ 2 sí ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún. Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá àárọ̀ la máa ń bu omi, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń fọ táńkì. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a máa bẹ̀rẹ̀ sí bu ti ọjọ́ Ẹtì náà.